Kí ni ó ń mú kí onílé yan ọ̀nà ìmúlégbóná tí kò ba àyíká jẹ́?

Akọ̀wé Onílé, Ìgbógbó béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Ìbéèrè kan ti ń dà mí lọ́kàn rú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì rò pé àárín wa níbí ni mo ti lè rí ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé onílé wà níbí, ayálégbé wà níbí, oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbí, àwọn ọmọ wa tí ń gbé lókè òkun náà sì ń yọjú.

Ọmọ mi obìnrin tí ń gbé ní Leeds, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ilé ní ọdún tó kọjá. Bọ́ílà gáàsì tí ń mú ilé náà gbóná ti pé ọdún 17, ẹni tí ó wá tún un ṣe sì ti sọ fún un pé kò dájú pé yóò la ìgbà òtútù méjì sí i já. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀: kí ó ra bọ́ílà gáàsì mìíràn, tàbí kí ó yọ gáàsì kúrò nínú ilé pátápátá, kí ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní heat pump rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í sun ohunkóhun. Iṣẹ́ fíríìjì ni ó ń ṣe, àmọ́ ó gbà á lódìkejì: fíríìjì ń kó ooru inú ara rẹ̀ dà sẹ́yìn, bí ẹ bá sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn tiyín, ẹ óò mọ̀ pé ó gbóná; heat pump ń kó ooru tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta wọlé, nítorí pé bí ìta ti wù kí ó tutù tó, ooru díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Síbẹ̀ kò tíì lè pinnu, ọkọ rẹ̀ sì ní òun kò fara mọ́ ọn. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.”

Èmi tí n kò mọ òtútù kan ju ti ọyẹ́ lọ, kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣàlàyé ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń rọ àwọn onílé ẹlẹgbẹ́ mi pé kí a jáwọ́ nínú fífi boiling ring àti èédú gbé omi ìwẹ̀ gbóná, kí kálukú gbé táǹkì kan tí a kùn ní dúdú sórí ilé, níbi tí oòrùn yóò ti máa pa á láti àárọ̀. Mo ṣe é nínú ilé tèmi ní oṣù Kejì. Táǹkì náà ń gba lítà 250, púlọ́ńbà sì tẹ́ páìpù dúdú sórí páànù kí omi máa gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó padà sínú táǹkì. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, omi náà gbóná tó èyí tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ohun tí kò dára ni pé ilẹ̀ yóò mọ́ tí yóò ti tutù, àfi ìgbà tí mo fi fóòmù àlòkù wé táǹkì náà, tí mo sì fi àpò ìrẹsì wé fóòmù. Láti ìgbà náà, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ títí di agogo mẹ́fà àárọ̀, ìyẹn sì tó fún ìwẹ̀.

Onílé 11 ni ó wá wò ó. Gbogbo wọn fọwọ́ kan táǹkì, gbogbo wọn yìn ín, àwọn méjì péré ni wọ́n sì ṣe tiwọn. Bí mo bá sọ fún wọn pé èédú ń pa igbó wa run, wọn a gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ fún wọn pé yóò dín owó iná kù, wọn a gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò ṣe é.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ yín: kí ni ó ń yí onílé lọ́kàn padà ní ti gidi? Ṣé ìfẹ́ àyíká ni, ṣé owó ni, àbí ohun mìíràn wà tí ojú mi kò tó? Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti rí ní Yúróòpù, kí ó sọ fún mi nítorí ọmọ mi. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti rí nílé, kí ó sọ fún mi nítorí àdúgbò wa.

Ẹni Ìpakòdó dáhùn pé:

Bàbá akọ̀wé, mo kí yín, sà. Ọdún 16 ni mo fi ṣe iṣẹ́ bọ́ílà ní apá àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó padà sí Ìkòròdú, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni n óò sọ.

Àwọn onílé tí wọ́n ń jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí wọ́n ń ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn kí wọ́n tó yan ohun tí yóò máa mú ilé wọn gbóná, kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í rántí bọ́ílà rárá títí di ọjọ́ tí yóò dákẹ́, ọjọ́ tí òtútù mú jù ni ó sì sábà máa ń dákẹ́, nítorí ọjọ́ náà ni iṣẹ́ pọ̀ fún un jù. N kò lè gbàgbé màmá àgbàlagbà kan tí mo lọ bá ní oṣù Kìíní ọdún kan. Ẹ̀wù òtútù ni ó wọ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀, èémí ẹnu rẹ̀ sì ń yọ bí èéfín bí ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Lára ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀ ni mo ti rí abala ìwé ìròyìn kan tí ó gé lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ heat pump ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn ibì kan. Mo bi í bóyá èyí ni ó fẹ́. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní, “Èwo nínú méjèèjì ni yóò mú ilé yìí gbóná lálẹ́ òní?” Kí ilẹ̀ tó ṣú, bọ́ílà gáàsì tuntun ti wà lára ògiri. Heat pump kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó ṣírò bí ooru ti ń sá jáde níbẹ̀ tó. Ó lè gba pé kí wọ́n pààrọ̀ àwọn rédíétọ̀ kan, ìyẹn irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá láti mú yàrá gbóná, kí wọ́n sì wá àyè fún táǹkì omi gbígbóná. Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni. Màmá yẹn ti yan heat pump nínú ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ni ó yan gáàsì fún un, bọ́ílà kan sì lè lo ọdún 15 kí ẹnikẹ́ni tó tún bi í léèrè. Nítorí náà, ẹ sọ fún ọmọ yín pé bí ó bá fẹ́ ẹ̀rọ yìí, kí ó pe àwọn oníṣẹ́ nísinsìnyí tí bọ́ílà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun kejì dùn mí láti sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ẹnu oníṣẹ́ ni onílé ń gbọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa heat pump, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kò dára fún ilé àtijọ́, n kò sì tíì fi ọwọ́ ara mi gbé ọ̀kan kalẹ̀ rí. Bọ́ílà ni mo mọ̀, òun ni mo sì ń tà. Lẹ́yìn tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ náà ni mo mọ̀ pé mo ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilé tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yẹn tí gáàsì ń mú gbóná, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ bọ́ílà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹni tí ó mọ èkejì dáadáa sì ṣọ̀wọ́n.

Ti owó ni ó kù, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ọmọ yín fi ojú sílẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni ìjọba ti ń fún onílé ní England àti Wales ní owó ìrànwọ́ láti yọ bọ́ílà kúrò. 5,000 pọ́n-ùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ń fa ooru inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di 7,500 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Oníṣẹ́ ni yóò gba owó náà lọ́wọ́ ìjọba, tí yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú iye tí onílé máa san. Èyí dín ẹrù ìbẹ̀rẹ̀ kù gan-an. Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ńkọ́? Ní ilẹ̀ yẹn, iye yúníìtì iná mànàmáná kan tó bíi ìlọ́po mẹ́rin ti gáàsì. Ká sọ pé gáàsì jẹ́ pẹ́ńsì 6, tí iná sì jẹ́ pẹ́ńsì 25. Bọ́ílà tuntun máa ń rí bíi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún agbára gáàsì sọ di ooru, nítorí náà yúníìtì ooru kan yóò jẹ́ pẹ́ńsì 6.7. Heat pump tí ń mú yúníìtì ooru mẹ́ta wá nínú yúníìtì iná kan yóò gbé e fún onílé ní pẹ́ńsì 8.3, èyí tí ń mú mẹ́rin wá yóò gbé e ní 6.25. Ẹ wò ó, láti mẹ́ta sí mẹ́rin ni èrè àti òfò wà! Ohun tí ó sì ń gbé e láti mẹ́ta dé mẹ́rin ni ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà, bí àjà ilé ti ní ìbora tí kì í jẹ́ kí ooru sá jáde tó, àti bí rédíétọ̀ ti fẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ èyí náà: omi bọ́ílà sábà máa ń wọ inú rédíétọ̀ ní ìwọ̀n 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti heat pump lè má ju 40 tàbí 45 lọ. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti fọwọ́ kan rédíétọ̀ kí ó sì yọ ọ́ kíá yóò fọwọ́ kan tuntun, yóò ní kò ṣiṣẹ́. Yàrá ni kí ó wò, kì í ṣe irin. Bí yàrá bá wà ní ìwọ̀n 20 tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀dé ní Trondheim dáhùn pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi ẹnu tèmi kún ti ẹ̀gbọ́n láti Ìpakòdó, nítorí pé ibi tí mo ń gbé, ní Nọ́wè, ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn lé lórí mọ́. Òtútù ibí ju ti Leeds lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ó lé ní ìdajì àwọn ìdílé tí ó ní heat pump. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé ìfẹ́ àyíká ni ó gbé wọn débẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan.

Ilé púpọ̀ níbí kò ní páìpù gáàsì rí. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná, nípa ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé mọ́ ògiri, tí í sọ iná kan di ooru kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ̀rọ kan wá dé tí ń sọ iná kan di ooru mẹ́ta, kò sí àlàyé tí a nílò láti ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ìwé owó iná ni ó ṣe àlàyé náà. Èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ni irú tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú yàrá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìgba inú rédíétọ̀ kọjá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ ń rí lára ògiri ilé ìfowópamọ́ ní Sábó ni, wọ́n kàn ṣe é kí ó lè ṣiṣẹ́ lọ́nà méjèèjì ni. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbé tiwa kalẹ̀. Aládùúgbò mi ti ní tirẹ̀ ṣáájú, ó pè mí wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ìta, ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù òtútù mi kí n jókòó. N kò béèrè ìbéèrè mìíràn lẹ́yìn èyí.

Ìjọba náà kò káwọ́ lẹ́yìn. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti fòfin de fífi epo mú ilé gbóná níbí. Ní Swídìn tí ó múlé gbè wá, láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń gba owó orí lórí èéfín epo, tí ó fi jẹ́ pé epo fúnra rẹ̀ ni ó lé onílé kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Dẹ́ńmáàkì ní tiwọn, ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 ni ó là wọ́n lójú. Wọ́n túbọ̀ tẹra mọ́ ríri páìpù omi gbígbóná mọ́lẹ̀ láti ibi kan dé ọ̀pọ̀ ilé, kí ilé kọ̀ọ̀kan má baà máa dá iná tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó bá dé láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ọkàn onílé balẹ̀ lè bí òdìkejì. Ní Jámánì ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí òfin ìmúlégbóná tuntun, ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré lọ ra bọ́ílà gáàsì tuntun kí òfin tó dé, nítorí ẹ̀rù. Owó ìrànwọ́ tí ó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn kan ni wọ́n wá fi tù wọ́n nínú lẹ́yìn náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, nítorí àwọn ará ilé mi ti sọ ọ́: bí iná mànàmáná fúnra rẹ̀ bá ti inú gáàsì wá, kí ni a rí gbé ṣe? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbìn ni wọ́n bí mi, níbi tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320 ti ń fi gáàsì gbé omi hó, nítorí náà ìbéèrè náà kì í ṣe àjèjì sí mi. Ní Nọ́wè, omi ni ó ń yí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ iná wa. Ṣùgbọ́n kódà níbi tí gáàsì ti ń mú iná wá, tí ó sì jẹ́ pé ìdajì péré nínú agbára gáàsì náà ni ó di iná, ẹ̀rọ tí ń sọ iná kan di ooru mẹ́ta yóò ṣì fún onílé ní ooru kan ààbọ̀, nínú gáàsì tí bọ́ílà kò lè rí tó ooru kan nínú rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ dáhùn pé:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní, èkíní lórí ayálégbé, èkejì lórí ìyá mi.

Mo ní ilé yàrá mẹ́jọ ní Odògunyàn. Gbogbo àwọn ayálégbé mi ni wọ́n ń ki boiling ring bọ omi láràárọ̀, ẹ̀rù ń bà mí nítorí àwọn ọmọdé, nítorí irin náà lè gbé iná bọ omi, ọmọ tí kò bá mọ̀ yóò sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bàbá akọ̀wé, bí mo bá gbé táǹkì dúdú sórí ilé náà, èmi ni n óò san owó rẹ̀, ayálégbé ni kò ní ra iná púpọ̀ mọ́. Ayálégbé kò sì lè gbé e sórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá ọdún tó ń bọ̀ yóò bá òun níbẹ̀. Bí a ṣe wà nìyẹn: ẹni tí ó ní àṣẹ kò ní èrè, ẹni tí ó ní èrè kò ní àṣẹ. Mo fura pé díẹ̀ nínú àwọn onílé 11 yẹn kì í gbé inú ilé tí ẹ ń wí. Ẹ bi wọ́n. Àbúrò mi tí ń háyà ilé ní London sọ pé bákan náà ni ó rí fún òun: onílé ni ó yan bọ́ílà, òun ni ó ń san owó gáàsì.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé owó àti ìrọ̀rùn ni gbogbo rẹ̀. Ìyá mi yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Igi ni wọ́n fi ń yan án, nínú àgọ́ tí òrùlé rẹ̀ kò ga, mo sì máa ń rí i bí ó ti ń fi etí ìró nu ojú, tí yóò dá ẹ̀yìn sẹ́yìn, tí yóò mí, tí yóò tún padà sínú èéfín. Nígbà tí ó dàgbà, ikọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé sùn. Dókítà sọ fún wa pé èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kó èédú àti ààrò jáde nínú ilé ara mi, mo ra gáàsì, nígbà tí ó sì jẹ́ pé gáàsì wọ́n ju èédú lọ fún mi ní àkókò náà. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní owó ìrànwọ́, n kò sì ṣe ìṣirò kankan. Nítorí náà bí ẹ bá ń sọ fún àwọn onílé pé èédú ń pa igbó run, ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Igbó jìnnà sí wọn. Ẹ sọ fún wọn nípa ọ̀fun àwọn tí ń dáná náà.

Rewáyà Sábó dáhùn pé:

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ kú àṣírí bò. Iṣẹ́ iná àti sólà ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú, mo sì fẹ́ fi ìṣirò ti Bàbá akọ̀wé lẹ́yìn.

Garawa omi lítà 20 kan tí a bá gbé láti ìwọ̀n 27 dé 45, tí ó dára fún ìwẹ̀, ń jẹ iná tí ó lé díẹ̀ ní 0.4 yúníìtì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, kéde 225 náírà fún yúníìtì kan fún àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lóòjọ́, nígbà tí kò tó 70 náírà tẹ́lẹ̀. Iye náà ti sún díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òun ṣírò. Garawa kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95 náírà. Ilé tí ó bá ń lo garawa mẹ́wàá lóòjọ́ yóò san ohun tí ó lé ní 28,000 náírà lóṣù lórí omi ìwẹ̀ nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mítà kì í sọ ohun tí ó jẹ iná fún ènìyàn. Ó kàn ń sọ pé iná ti tán ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye garawa sára ògiri ìdí mítà fún wọn.

Mo tún ti kíyè sí i pé àdánwò ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tí yóò pè mí nítorí sólà ṣọ̀wọ́n. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà sí bíi 500, fóònù mi kò sì sinmi mọ́. Àmọ́ láàárín àwọn tí ó ń pè, àdúgbò tí ilé kan ti ní ọ̀kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ni mo ti máa ń rí iṣẹ́ kejì àti ẹ̀kẹta. Òpópónà tí ẹnì kan ti ra bátìrì tí kò dára, tí ó sì kú láàárín oṣù mẹ́fà, n kì í rí iṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, bí ó ti wù kí n bẹ̀ wọ́n tó. Ìbéèrè tí onílé ń bi mí jù ni pé, “Bí ó bá bàjẹ́, ta ni n óò pè?” Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí èyí kò tíì ta ọjà.

Bàbá, agogo mélòó ni àwọn onílé 11 yẹn wá wo táǹkì yín? Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni, omi tí wọ́n fọwọ́ kàn kì í ṣe omi tí wọ́n nílò. Gbogbo omi orí ilé ní Ìkòròdú ni ó ń gbóná lọ́sàn-án.

Akọ̀wé Onílé, Ìgbógbó padà wá kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run yóò máa tì yín lẹ́yìn.

Mo ka ìdáhùn Ẹni Ìpakòdó fún ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti sọ nípa rédíétọ̀ tí kì í jó ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ní kí n tún un kà. Ó ní ilé ọ̀rẹ́ òun kan ni òun ti fọwọ́ kan irú rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, òun sì ti pinnu láti ọjọ́ náà pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Kò bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè rí bóyá òtútù ń mú un. Wọ́n ti pe oníṣẹ́ mẹ́ta láti wá wọn ilé náà kí oṣù yìí tó parí, wọn yóò sì bi ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bóyá mẹ́ta ni yóò mú wá nínú iná kan tàbí mẹ́rin, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti àdúgbò wa, Rewáyà Sábó, agogo mẹ́ta ọ̀sán ni mo pè wọ́n. Òótọ́ ni ẹ sọ. Ìpàdé wa tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì ti ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́sàn-án tó kù pé kí wọ́n wá ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú tówẹ̀lì wọn. Púlọ́ńbà tí ó ṣe iṣẹ́ náà yóò wà níbẹ̀, kí wọ́n lè gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra wọn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, mo bi wọ́n bí ẹ ti ní kí n ṣe. Mẹ́fà nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn kì í gbé inú ilé tí mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí àyè, mo fẹ́ kí ẹ bá mi jókòó kí a wo bí onílé àti ayálégbé ṣe lè pín owó táǹkì náà, bóyá kí wọ́n yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú owó ilé, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹni tó bá kó jáde má ṣe pàdánù tirẹ̀.